Ẹ́ńjìnnì Àna Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ ti rí ọkùnrin kan tí àna rẹ̀ fún ní nǹkan, tí ó sì dúró lójú àna náà, tí ó ń yí nǹkan ọ̀hún síwá sẹ́yìn, tí ó ń wá àbùkù rẹ̀ bí ẹni tí ń ná ọjà? Bí ẹ bá ti rí i rí, kì í ṣe ní agboolé wa ní Ìlobù ni ẹ ti rí i. Ní ilé tí a bí mi sí, ohun tí ó bá ti ọwọ́ àna wá, ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbà á, orí ìdọ̀bálẹ̀ ni a ti ń dúpẹ́ rẹ̀, inú yàrá ni a sì ń gbé e lọ kí a tó tú u. Bí ó bá jẹ́ iṣu, tí iṣu náà sì ti rà nínú, ẹni tí ó gbà á ni yóò gé ibi tí ó rà sọnù, kò sì níí jẹ́ kí adìẹ pàápàá rí i. Inú ẹ̀kọ́ yìí ni mo dàgbà sí, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ẹnu mi kò sì tíì gbà á láti sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí ọkàn mi máa ń padà sí, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀ tí n kò lè jáde. Ní ọdún náà, ohun tí àna fún bàbá mi kì í ṣe iṣu. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni.

Ìgbálẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ fọhùn ní agboolé wa. Kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí, àwa ọmọbìnrin ti wà lójúde, a tẹ̀ kọdọrọ, a ń fi ìlà ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni tí ń kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ilé yóò wúkọ́ láti inú yàrá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Ìyá Ilé í ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà wá sí ilé bàbá wọn, ó gbé àpótí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láti orí àpótí náà ni ó sì ti ń ṣàkóso gbogbo wa. Ikọ́ rẹ̀ kì í ṣe ikọ́ àìsàn, àṣẹ ni. Ẹni tí ó bá ṣì ń sùn yóò dìde, ẹni tí ó bá ń fi ìgbálẹ̀ ṣeré yóò múra síṣẹ́. Ìró tí ó máa ń tẹ̀ lé ikọ́ rẹ̀ ni ti ọkọ̀ Landirófà bàbá mi. Bàbá mi a ki irin kan bọ iwájú rẹ̀, a fi gbogbo ara yí i, ọkọ̀ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí Ìyá Ilé a fi máa sọ pé àgbà kejì ti jí.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni bàbá mi bá ìjọba ṣe. Òun ni ó ń lọ láti oko dé oko, tí ó ń fi bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tuntun àti àgbàdo tuntun han àwọn àgbẹ̀, ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Bàbá Agíríìkì. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, níbi gbànjo ni ó ti ra ọkọ̀ yìí. Ó ti gbó kí ó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń ṣí, okùn ni a fi ń so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ẹni tí ó bá sì jókòó sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé ilé bí ẹni tí ó yí nínú èlùbọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹrẹ̀ tí ó lè dá a dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ńlá tí gbogbo ọkọ̀ ní, ọ̀pá kékeré kan wà tí orí rẹ̀ pupa bí ata rodo. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, bàbá mi a dúró díẹ̀, a fa olórí pupa yìí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a jọ máa fa, ọkọ̀ a sì máa gun òkè bí ewúrẹ́. Ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo tí àwọn ọkọ̀ mìíràn kò lè wọ inú oko lọ kó, òun ni ó ń kó wọn jáde, ti ará Ìlobù àti ti ará Ìfọ́n, nítorí ilẹ̀ oko àwọn ìlú méjèèjì wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjèèjì tí a ki bọra wọn.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Ẹ má rò pé ọ̀nà jìn. Bí a bá gbé ẹ̀wà kaná ní Ìlobù, a lè rìn dé Ìfọ́n, kí a kí ìyá ìyá mi tí à ń pè ní Ìyá Ìfọ́n, kí a jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tí ó dín sílẹ̀ dè wá, kí a sì padà délé kí ẹ̀wà náà tó jinná. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi máa ń lọ. Yóò bu ọbẹ̀ sínú abọ́, yóò fi aṣọ funfun wé e, èmi ni yóò gbé e lé lórí. Bí a bá ti ń dé ìtòsí ilé Ìyá Ìfọ́n ni ìrìn ìyá mi a yí padà. Ní Ìlobù, ìyàwó ilé ni, a máa fi ìṣọ́ra tẹ ilẹ̀. Ní Ìfọ́n, ọmọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa pariwo. Mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà, n kò mọ ohun tí mo ń rí. Ìgbà tí wọ́n gbé èmi náà lọ sílé ọkọ ni mo tó mọ̀ pé obìnrin a máa ní ẹsẹ̀ oríṣi méjì.

Ní ìparí òjò ọdún tí mò ń wí yìí ni ẹ́ńjìnnì Landirófà dá iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi yí irin títí òógùn fi bò ó, kò gbọ́ nǹkan kan ju ìró ohun tí ó fọ́ nínú. Ó wá páàtì rẹ̀ dé Òṣogbo, ó wá a dé Ìbàdàn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un, pé irú ẹ́ńjìnnì yẹn ti di ti àtijọ́, àwọn tí ó ní i ti tú tiwọn tà. Ó padà wálé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn. Oúnjẹ tí ìyá mi gbé fún un tutù. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó pẹ́ ní Ìfọ́n ju bí ó ti máa ń pẹ́ lọ, nígbà tí a sì ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Làmídì ni orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Bùọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Mẹ́káníìkì ni, ó sì mọ ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Kò sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún ọkọ̀ ṣe tán, yóò kọ́kọ́ yin ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó fọwọ́. Ó wo inú Landirófà, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní ara le, ọkàn ni ó dá dúró, ọkàn ni wọn yóò sì pààrọ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti àwọn ará Jápáànì, tí Ìyá Ìfọ́n fi ń gba owó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀; igi ti wó lu bọ́ọ̀sì náà, ara rẹ̀ sì ti jẹrà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń mu. Ìyá Ìfọ́n fi ẹ́ńjìnnì náà ta ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó wọ aṣọ ńlá, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Ìfọ́n. Ìyá Ìfọ́n gbàdúrà fún un, ó ní, “Ohun tí ó bá ń gbé ọmọ mi wá sọ́dọ̀ mi, kò níí kú mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Abẹ́ igi máńgòrò wa ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà nígbà ọyẹ́. Gbogbo agboolé ni ó di ṣọ́ọ̀bù. A fi igi àti ṣéènì gbé òkú ẹ́ńjìnnì jáde, a gbé tuntun síbẹ̀, kò sì gbà. Èyí ni mo fi mọ̀ ní kékeré pé ọkọ̀ dàbí ìdílé: ohun tí ó tóbi tó, tí ó sì lágbára tó, lè má bá a mu síbẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń fìdí lé kì í ṣe ibi tí ti Jápáànì fẹ́ fìdí lé, nítorí náà wọ́n gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún jó òmíràn mọ́ ọn. Wọ́n sún rédíétọ̀ síwájú. Ihò tí nọ́ọ̀tì gíábọ́ọ̀sì ń gbà kò bá ihò ti ẹ́ńjìnnì ṣe déédéé, Bùọ̀dá sì ní kí wọ́n gbẹ́ irin pẹlẹbẹ kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan yóò bá èkíní mu, tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò bá èkejì mu. Alárinà ni ó sọ irin náà. Ó ní ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọmọ Jápáànì, gíábọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, àfi kí alárinà wà láàárín.

Ìyá Ilé gbọ́ èyí láti orí àpótí rẹ̀. Ó ní, “Làmídì, ìyàwó tí o gbé wá yìí, ṣé kò níí kẹ́rù padà sí Jápáànì?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Nọ́ọ̀tì tí mo fi dè é, bí ó bá lọ, ilé ọkọ ni yóò gbé lọ.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni ó rẹ́rìn-ín jù. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ a ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún wọn; lọ́sàn-án a gúnyán, ìró odó wa a sì máa dá ìró òòlù wọn lóhùn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, bàbá mi kì í bá àna rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ọkọ̀ a máa sọ gbogbo ọwọ́ di dúdú, ebi a máa mú ẹ̀kọ́ rọ̀ díẹ̀, ọjọ́ kan sì wá tí àwọn méjèèjì jókòó ti abọ́ kan ṣoṣo láìmọ̀. Ìyá mi rí wọn láti ẹnu ọ̀nà ààrò. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n má sọ̀rọ̀, kí n má lọ gbé omi, kí n má da nǹkan kan rú.

Ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà náà, tí Bùọ̀dá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi nígbà tí mo ti di abiyamọ, ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gbogbo, àwo irin kan wà tí ọ́ìlì ń gbé inú rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yìí jìn níwájú, ibi tí ó sì jìn náà gan-an ni ọ̀pá gígùn tí ń yí ẹsẹ̀ iwájú Landirófà ní láti gbà kọjá. Àwo àti ọ̀pá kò lè jọ gbé ibẹ̀. Bùọ̀dá wò ó títí, ó tú ọ̀pá náà jáde, ó fi àpò wé e, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ó mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnnì kan náà wà nínú ọkọ̀ mìíràn tí àwo tirẹ̀ jìn lẹ́yìn dípò iwájú. Bí ó bá ti rí irú àwo bẹ́ẹ̀, yóò pààrọ̀ rẹ̀, yóò sì dá ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀. Ẹnìkan ní Ìbàdàn ti ṣèlérí pé òun yóò bá a wá a kí òjò tó dé. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa fa ọkọ̀, ilẹ̀ sì gbẹ, kò sí ewu. Kí ló wá dé tí kò sọ? Ẹ̀bùn ìyá rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọn yóò fa ọkọ̀ lé bàbá mi lọ́wọ́, àwọn àgbààgbà ilé wọn wá láti Ìfọ́n, wọ́n wọ aṣọ àdúrà. Ṣé ojú wọn ni ọmọ wọn yóò ti sọ pé ohun tí ìyá òun fún àna kò pé? Ó ní ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n òun, ó sì gbé e mì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ohun tí ó sọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí bàbá mi, ó ní, “Àna mi, ẹ bá mi máa ṣe é jẹ́jẹ́ lójú ẹrẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. “Mo gbọ́, àna mi. Ẹ ṣeun tilé tọ̀nà.”

Ó gòkè sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sí irin yíyí mọ́, ìró tuntun sì jáde, ìró tí ó jìn, tí ó rọra ń kùn bí ẹni tí ń ka kéú lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ṣe àmín. Mo rí i tí ọwọ́ bàbá mi lọ sórí ọ̀pá olórí pupa, tí ó fà á sẹ́yìn, tí ó dá a padà, tí ó sì jókòó díẹ̀ láìṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àna rẹ̀. Awakọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìwúwo ohun tí ó ń fà. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ kí ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá ti parí níbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kúnlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀bùn lójú ẹni tí ó fún un? Nígbà tí àwọn àna lọ tán ńkọ́? Ilé wa kún fún ẹnu. Bí bàbá mi bá yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò ní òwúrọ̀, kí ìyálẹ̀ta tó pé, wọn yóò ti gbọ́ ní Ìfọ́n pé Bàbá Agíríìkì ń tú ẹrù Ìyá Ìfọ́n wò. Nítorí náà ó fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó tọ́ wa kìlọ̀ fún wa pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò kìlọ̀ fún wa nípa ẹnu tí ó mẹ́nu jù.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ọkọ̀ fi ṣiṣẹ́ láìkùnà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ tí a bá láyé, tí ó máa ń sùn, tí ó sì máa ń jí láàárín ìlú méjèèjì. Èmi kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Inú Ìlobù ni mo ti ń mu omi, ọmú Ìfọ́n ni mo mu. Ẹni tí ó bá ní kí n yan ọ̀kan kò fẹ́ràn mi. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ọ̀nà tààrà láàárín ìlú méjèèjì di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ di ọjọ́ lásán. Bí ìyá mi bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yòókù a gé, wọn a wá máa kí i ju bí ó ti yẹ lọ. Ìrìn rẹ̀ yí padà, kò sí ibì kan mọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń pariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdílé wa kan sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan nípa àwọn ará Ìfọ́n ní ojúde wa, bàbá mi kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ìyàwó, n kò lè dìde dúró níbẹ̀ kí n sọ òkò.” Ìyá Ilé wúkọ́ láti orí àpótí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wọlé lọ.

Òjò ti dé nígbà náà. Àwo tí Bùọ̀dá ń retí ti dé láti Ìbàdàn, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí ó fi àpò wé. Ṣùgbọ́n òun wà ní Ìfọ́n, ọkọ̀ wà ní Ìlobù, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé irin kọjá láàárín ìlú méjì tí ń bára wọn jà, kí wọ́n má bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi rọ.

Àwọn Fúlàní tí ń ta wàrà nìkan ni wọ́n ń kọjá. Kò sí ìlú tí ó bá wọn ṣọ̀tá. Hàwáù ni orúkọ èyí tí ń wá sí agboolé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi sì ti ń gbọ́ ìròyìn ìyá rẹ̀, pẹ̀lú wàrà tí yóò fi se ọbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Hàwáù sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, kò sì ṣí i. Ó ní Ìyá Ìfọ́n kò lè jẹun mọ́, Àbẹ̀kẹ́ ni ó ń pè láti àná. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì ìyá mi. Ó ní Bùọ̀dá ní kí wọ́n má gba ọ̀nà tààrà. Ó tún ní, “Ó ní kí n sọ fún àna òun pé kí ó fi sùúrù sí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀.”

Ẹ wò ó. Títí di ìgbà náà, tí ìyá Bùọ̀dá wà ní ojú ikú, ọ̀rọ̀ àna ni ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ. Ó gbàgbọ́ pé òun ti sọ ọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ̀. Ọ̀nà oko kan wà tí ó yí ká lẹ́yìn àwọn ìlú méjèèjì, tí ó gba odò kékeré kan kọjá, ibi tí Landirófà ti máa ń kọjá láìmí kanlẹ̀ láyé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́. Ó ní kí ìyá mi múra.

Bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi tí ó ṣì ń mu ọmú, tí mo pọ̀n, ni a lọ. Ìyá mi kò sunkún. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ wàrà lé orí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí ẹni pé bí ọbẹ̀ náà kò bá ti dà, ìyá rẹ̀ yóò jẹ ẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ ń gbá ara ọkọ̀, omi ń kán sí wa lára. Bí a ti dé etí odò, omi rẹ̀ kò pọ̀, etí rẹ̀ ni ó ti di ọ̀gọ̀dọ̀. Bàbá mi dúró, ó fa olórí pupa sẹ́yìn, ó sì wọ̀ ọ́. A kọjá omi. Níbi tí ó ti yẹ kí a máa gun òkè bọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, tí ó ń gbẹ́lẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo yọjú wo ẹsẹ̀ iwájú. Ó dúró jẹ́ẹ́, kò yí rárá, bí ẹsẹ̀ ẹni tí àrùn ti rọ.

Bàbá mi pa ọkọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì wo abẹ́ ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí ó tó dìde.

Ìyá mi fi orúkọ mi pè é, ó ní, “Bàbá Sìfáwù, ṣé ó bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́. Wọn kò so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ nǹkan kan ni.”

Ìyá mi wo ẹsẹ̀ iwájú náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ṣe ọkọ̀ náà, ó mọ ohun tí bàbá mi kò sọ parí. Bàbá mi fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Má bínú sí i. Ọwọ́ mi ti sọ fún mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.”

A gé ewé ọ̀pẹ sí abẹ́ táyà, a kó òkúta sí i, a fi èjìká tì í. Bí ẹ́ńjìnnì àna ti lágbára tó ni ó ń rì sí i. Oòrùn ti yọ gan-an nígbà tí ìyá mi yọ bàtà rẹ̀, tí ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, tí ó ní òun yóò fi ẹsẹ̀ lọ. Bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé e, ó kọ̀. Ó ní obìnrin tí ó mú ọmọ lọ́wọ́ lè kọjá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ọkùnrin Ìlobù nínú oko wọn lọ́jọ́ yẹn, òun yóò ní òkú méjì. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ lé orí, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi dúró ti ọkọ̀ náà, kò jókòó.

Bí ọ̀nà oko yẹn ti gùn tó, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ bí Ìfọ́n ti súnmọ́ Ìlobù tó. À ń yí ká ohun tí ó wà ní iwájú wa. Ẹrẹ̀ ń gbà wá lẹ́sẹ̀, àbúrò mi ń ké, ìyá mi kò sì dúró fún un lọ́mú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ń pe ìrun àlàásárì nígbà tí a rí òrùlé àkọ́kọ́. Nígbà tí a dé ojúde Ìyá Ìfọ́n, àwọn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, erùpẹ̀ tútù sì wà lára ọkọ́ náà. Ẹ mọ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílé. Kí oòrùn tó kan àtàrí ni Ìyá Ìfọ́n ti kú. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti bò ó.

Bùọ̀dá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò kọ́kọ́ lọ sí ojú ìyá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wò, ẹrẹ̀ tí ó dé orúnkún.

“Ẹsẹ̀ lo fi wá?”

“Ẹsẹ̀ ni mo fi wá, Bùọ̀dá mi.”

Bùọ̀dá jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá mi sọ abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní tí wọ́n ti ká. Àwọn obìnrin ilé sọ fún un pé títí ẹ̀mí fi bọ́, gbogbo ìró ọkọ̀ tí Ìyá Ìfọ́n bá gbọ́ ni ó ń béèrè bóyá òun ni. Ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Mo máa ń rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí wọ́n ń wo orí fóònù láti mọ páàtì wo ni ó bá èwo mu, tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ lójú ẹni tí ń tà á, ojú kò sì tì wọ́n. Nígbà mìíràn inú mi kì í dùn sí i, n óò ní ìran yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà n óò rántí etí odò yẹn, n óò sì dákẹ́. Èmi kò dá ẹ̀kọ́ àwọn baba wa lẹ́bi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá ara wọn lò dé òpin, ìyá mi ni ó sì san gbèsè rẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ta ni yóò bá jà? Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ènìyàn tí a lè pè lẹ́jọ́.

Nígbà tí ìlú rọ̀, tí ọ̀nà tún là, Bùọ̀dá gbé àwo àti ọ̀pá náà wá sí Ìlobù. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n jọ ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò, wọn kò bá ara wọn sọ ju ọ̀rọ̀ sípánà lọ, abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù sì ti jẹun. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Bàbá mi lo ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá mi kò sì wọ inú rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.